Mi Ò Rí Ìlà Mọ́

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ìbàdàn ni mo ti ń bọ̀ wá sílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, àpò Ghana-must-go méjì wà láàárín ẹsẹ̀ mi. Aṣọ ẹbí obìnrin mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, wọ́n fẹ́ fi ṣe òkú àgbà lọ́jọ́ kejì. Èmi ni mo rán an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀, ẹnì kan ní Ìbàdàn ló máa ń fi ẹ̀rọ bá mi ṣe é, onítọ̀hún sì fi mí jókòó láti àárọ̀ títí aago mẹ́rin fi kọjá. Ìgbà tí màá fi dé gáréèjì Òjóò, tí ọkọ̀ máa fi kún, aago mẹ́fà ti lù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ télọ̀, ẹ mọ bí fóònù mi ṣe máa ń dún lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Fìdítì ni òjò ti bẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. A kọjá Ọ̀yọ́, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá, òjò náà wá yí padà. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ń gbé dúrọ́ọ̀mù da omi lu gíláàsì iwájú. Wáípà ń lọ, ó ń bọ̀, kò nu nǹkan kan. Iná ọkọ̀ wa ò ríbi lọ, ara òjò ló ń kọ́ tó ń padà sí wa lójú. Tí tírélà bá ti iwájú bọ̀, gbogbo ibẹ̀ á funfun báláú, lẹ́yìn náà á wá dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dẹ́rẹ́bà wa, bàbá kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó kàn ń dẹ eré rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó yà sí ilé epo kan tí wọ́n ti tì, ó pa ọkọ̀, ó fa birékì ọwọ́ sókè. A ní kí ló dé.

"Mi ò rí ìlà mọ́," ló wí.

Ìlà funfun tí wọ́n kùn sójú títì ló ń sọ.

Ẹ wò ó, èébú tá a bú bàbá yẹn, mi ò lè kọ gbogbo rẹ̀ síbí. Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ ṣe ojú wọn. Ẹnì kan ní ṣé torí owó epo ni. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, èmi ni mo pariwo jù. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra máa fà á lọ, ṣebí ọkọ̀ mìíràn ń kọjá!" Òótọ́ ni, ọkọ̀ ń kọjá. Nígbà tí wọn ò dáhùn, mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìyá aláṣọ, ẹ má bínú. Tí mo bá ti rí ìlà, a ó lọ." Wọ́n sì dorí kọ sídìí sítíárìn. Ọkùnrin kan bínú bọ́ sílẹ̀ nínú òjò, ó dá Micra kan dúró, ó lọ. Àwa yòókù jókòó síbẹ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí kan ààbọ̀. Ó ku díẹ̀ kí ọ̀gànjọ́ lù ká tó wọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọkùnrin tó bọ́ sílẹ̀ yẹn délé o. Àdúgbò kan náà la jọ wà. Nígbà tá a pàdé láàárọ̀, ẹ̀rín ló fi kí mi, ó ní òun ti jẹun, òun ti sùn, káwa tó kọjá Odò Ọbà. Ẹ fi ọkùnrin yìí sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ sọ́rọ̀ rẹ̀.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2024, Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà Access Holdings tó ni Access Bank, wọ hẹlikọ́pítà ní Palm Springs, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀, Abímbọ́lá Ògúnbánjọ tó ti ṣe alága Nigerian Exchange Group, iléeṣẹ́ ọjà ìpín ìdókòwò ilẹ̀ wa, náà wà níbẹ̀, páílọ́ọ̀tì méjì sì wà pẹ̀lú wọn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ku bí ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n gbéra. Boulder City ní Nevada ni wọ́n ń lọ, lẹ́bàá Las Vegas, níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù Super Bowl lọ́jọ́ Àìkú. Aago mẹ́wàá kò tíì kọjá púpọ̀ tí ọkọ̀ náà fi já lulẹ̀ nínú aṣálẹ̀ Mojave. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kú.

Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, bí ìròyìn ṣe ń wọlé ni àlàyé ń wọlé. Wọ́n ní ayé ni. Wọ́n ní ọ̀tá ni. Mo dákẹ́, mo ń tẹ ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ aṣọ lọ. Lálẹ́ ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ lórí fóònù, nígbà tí àwọn aṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní NTSB, sì gbé ìwé tiwọn jáde, mo ka èyí náà. Ohun tó mú mi níbẹ̀ ni pé ọ̀nà márosẹ̀ kan wà nísàlẹ̀, Interstate 15, hẹlikọ́pítà náà sì ń bá ọ̀nà yẹn lọ láti òkè. Àwọn tó ń wa mọ́tò lórí ọ̀nà náà ni wọ́n sọ pé òjò ń rọ̀, yìnyín pò mọ́ ọn. Ohun tí àwọn aṣèwádìí sì fi parí ọ̀rọ̀ ni pé páílọ́ọ̀tì pinnu láti máa fi ojú lásán wa ọkọ̀ lọ nínú ojú ọjọ́ tí ojú lásán kò ti ríran mọ́, pé kò wá mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, ọkọ̀ sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n bá iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà wí pẹ̀lú.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Bàbá inú òjò yẹn ló wá sí mi lọ́kàn.

Ìbéèrè tí mo wá ń bi ara mi ni pé, báwo ni èèyàn á ṣe jókòó sórí àga tí kò ní mọ̀ pé òun ti ń dojú dé? Ọmọ mi ló rán mi létí òòyì. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, a máa ń na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó máa pòòyì lójú kan títí òòyì á fi kọ́ wa. Tá a bá dúró, ilẹ̀ á ṣì máa yí lọ ní tiẹ̀, a ó ṣubú, a ó máa rẹ́rìn-ín. Etí ló ń fa gbogbo ìyẹn. Nínú etí lọ́hùn-ún, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta wà tó tẹ̀ kọdọrọ, omi wà nínú wọn, irun wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí sì wà nínú omi náà. Bí orí bá yí, omi yẹn máa ń lọ́ra díẹ̀, á tẹ irun náà, ọpọlọ á mọ̀ pé à ń yí. Àmọ́ tá a bá ń yí lọ bẹ́ẹ̀ láìyí eré padà, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá, omi á bá eré náà dọ́gba, irun á nàró, etí á ní a ti dúró. A ò sì tíì dúró.

Mo dán an wò. Agẹrun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Tákíè, àga rẹ̀ máa ń yí. Mo jókòó, mo fi gèlè di ojú, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi máa fi ọwọ́ kan yí mi jẹ́jẹ́, kó má dáwọ́ dúró. Mo na ìka sí apá ibi tí mo rò pé mò ń yí sí. Ó ṣe díẹ̀, mo ní, "Kí ló dé tó o fi dúró?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kò dúró rárá. Nígbà tó wá dúró lóòótọ́, mo ní ó ti ń yí mi sí òdìkejì, mo búra fún wọn, mo di apá àga mú gírígírí kí n má baà ṣubú. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ ló rí mi pé mo jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan bí ère. Mo ṣí gèlè kúrò lójú, ojú sì tì mí. Ara mi, tí mo ti gbé kiri láti ọdún mọ́kànlélógójì, purọ́ fún mi lórí àga agẹrun, irọ́ náà sì dùn mọ́ mi lára ju òótọ́ lọ.

Ẹ wá gbé àga yẹn lọ sínú ìkùukùu lóru. Ìyẹ́ apá kan rọra rẹlẹ̀, etí ò gbọ́. Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí yí, nígbà tó bá sì ń yí bẹ́ẹ̀, á máa sọ̀ kalẹ̀. Páílọ́ọ̀tì rí i pé òun ń sọ̀ kalẹ̀, ó fa ọwọ́ ìwakọ̀ mọ́ra kí imú ọkọ̀ lè gbé sókè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, bó o bá fà á bẹ́ẹ̀, ńṣe ni yíyí rẹ̀ á túbọ̀ máa le sí i, bí àṣá tó ń yípo bọ̀ lórí òròmọdìẹ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ìdí ọkùnrin náà ń sọ fún un pé òun jókòó déédéé.

Ní 1954, wọ́n ṣe ìdánwò kan ní Yunifásítì Illinois. Wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ ìwakọ̀ òfuurufú 20 tí kò tíì kọ́ bá a ṣe ń fi ẹ̀rọ nìkan wa ọkọ̀, wọ́n bo ojú wọn kí wọ́n má baà rí ìta. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò pàdánù ọkọ̀ náà. Tí wọ́n bá ṣírò àsìkò gbogbo wọn pọ̀, tí wọ́n pín in, ìṣẹ́jú àáyá 178 ló jẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Omi ẹ̀bà ò tíì hó láàárín àkókò yẹn. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe ìdánwò náà ló wá wù mí jù: wọ́n fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe ṣẹ́rí padà sí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n sì kọ́ ọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ṣe é yọrí.

Ẹ̀rọ tó ń sọ òótọ́ wà. Ojú rẹ̀ dà bí ojú aago, òkè rẹ̀ ní àwọ̀ sánmà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, ìlà kan sì là á láàárín. (Ìlà náà kúkú nìyẹn.) Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 1929, ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, Jimmy Doolittle, bo ibi ìjókòó rẹ̀ nínú bàálù pátápátá, ó fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbéra, ó fò yíká, ó sì balẹ̀ láìrí ìta. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti pé kò sí ohun èlò. Ó ti di ti pé ta ló kọ́ ọ, ta ló máa gbà á gbọ́ nígbà tí gbogbo ara bá ń sọ nǹkan mìíràn. Páílọ́ọ̀tì tó gbé olórin Buddy Holly àti àwọn olórin méjì mìíràn ní Iowa lóru ọjọ́ 3 oṣù kejì 1959, ẹni ọdún 21 ni, kò tíì gba ìwé ẹ̀rí pé ó lè fi ẹ̀rọ nìkan wa ọkọ̀. Yìnyín ń bọ́. Ẹ̀rọ tó wà nínú bàálù náà tún wá ń fi òkè àti ìsàlẹ̀ hàn ní òdìkejì sí èyí tó fi kọ́ṣẹ́. Wọn ò jìnnà sí pápá tí wọ́n ti gbéra kí wọ́n tó já. Gbogbo wọn ló kú.

Ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wá. Tí nǹkan bá já láti òkè, Ṣàngó la kọ́kọ́ máa ń wò. Ìgbà tí mo sọ pé mò ń ka nípa bàálù tó já lóru, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àrá, àbí?" Rárá o. Ìjì àti àrá ń pa bàálù lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè òjò tó ń kù, tí mọ̀nàmọ́ná ń bù yẹ̀rì lára rẹ̀, ta ni kò ní sá fún un? Èyí tí kò pariwo ló ń tanni wọlé. Kùrukùru lásán. Ọyẹ́ lásán.

Irú ẹ̀ ló pa John F. Kennedy kékeré, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n yìnbọn pa ní 1963. Ọjọ́ 16 oṣù keje 1999, ẹni ọdún 38 ni. Ó fi bàálù kékeré tirẹ̀, Piper Saratoga, gbé ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ kúrò ní New Jersey. Ìgbéyàwó mọ̀lẹ́bí ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ, òde ọjọ́ Àbámẹ́ta bíi ti àwọn oníbàárà mi. Oòrùn ti wọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ ọ ní ìwakọ̀ yọ̀ǹda láti bá a lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, Kennedy ní òun fẹ́ dá a ṣe. Kò sí òjò. Kò sí ìjì. Kùrukùru ló wà lójú òkun, òkun ò sì ní iná; òkè dúdú, ìsàlẹ̀ dúdú, kò síbi tí ojú á fi ẹsẹ̀ tì. Ó ṣì ń kọ́ ìwakọ̀ ẹ̀rọ nìkan lọ́wọ́, kò tíì parí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó lè máa bá a di ọkọ̀ mú wà nínú bàálù náà. Inú omi lẹ́bàá erékùṣù Martha's Vineyard ni wọ́n ti rí wọn.

Ibí yìí ni mo ti ṣàkíyèsí ohun kan tó pa mí lẹ́rìn-ín kó tó bà mí lẹ́rù. Ọjọ́ Ẹtì ni ti Kennedy. Ọjọ́ Ẹtì ni ti Wigwe. Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù karùn-ún 2021, ni bàálù Beechcraft iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú wa já ní Kàdúná níbi tó ti fẹ́ balẹ̀ nínú ojú ọjọ́ tí kò dáa, tó pa Ibrahim Attahiru, ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, àti èèyàn mẹ́wàá mìíràn. Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù kọkànlá 2023, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, ni jẹ́ẹ̀tì kékeré tó gbé Adébáyọ̀ Adélabú, mínísítà iná mànàmáná nígbà náà, láti Àbújá bọ́ sínú igbó ní pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn. Orí kó wọn yọ, kò sẹ́ni tó kú. (Pápá Ìbàdàn yẹn, orúkọ ọmọ wa, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwa tá a ni orúkọ, mọ́tò là ń wọ̀ lọ bá bàálù ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin.) Ọjọ́ Ẹtì sì lèmi náà ń bú dẹ́rẹ́bà.

Mi ò sọ pé ọjọ́ ló burú o. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti Buddy Holly, orúkọ ọjọ́ náà kò sì gbà á. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọjọ́ Ẹtì ni pé gbogbo ayé ló ń lọ síbì kan nírọ̀lẹ́ rẹ̀. Òkú wà lọ́la, ìyàwó wà lọ́la, bọ́ọ̀lù wà lọ́túnla. Púpọ̀ nínú pápákọ̀ òfuurufú wa ni kò sì ní iná ojú ọ̀nà tí wọ́n fi ń balẹ̀ lálẹ́, tí ilẹ̀ bá ti ṣú wọ́n á tì í. Ẹni tó bá pẹ́ níbi ìpàdé, eré ló máa bá oòrùn sá. Bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn bá wá jẹ́ ẹni ńlá, ta ni páílọ́ọ̀tì tó máa ní "Ọ̀gá, a ò lọ mọ́"? Ti inú hẹlikọ́pítà Mojave kọ́ ni mò ń sọ, ti inú bọ́ọ̀sì wa ni mo mọ̀: èmi tí mi ò ju télọ̀ lọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ariwo lé bàbá yẹn padà sójú títì. Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀. Àwa tá a wà lẹ́yìn ọkọ̀ la máa ń rò pé ó mọ̀ wá.

Mo ní màá padà sọ́rọ̀ ọkùnrin tó wọ Micra. Òun ló ń dà mí láàmú jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Tó bá jẹ́ pé nǹkan ṣe é ni, ẹ̀kọ́ ì bá tètè yé gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ó délé, ó jẹun, ó sùn. Lójú rẹ̀, òun ló gbọ́n, àwa la gọ̀. Ìgbà mìíràn tí òjò bá mú un lójú ọ̀nà, á rántí pé òun ti ṣe é rí. Páílọ́ọ̀tì tó gba inú ìkùukùu kọjá lẹ́ẹ̀kan, tó tún gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ìmọ̀ ló máa pè é. Ẹni tó sì yí padà, tó lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, kò sí bó ṣe fẹ́ fi hàn ẹnikẹ́ni pé òun gba èèyàn mẹ́fà là lálẹ́ ọjọ́ náà. Owó hòtẹ́ẹ̀lì nìkan ni wọ́n máa rí. Èmi gan-an, lálẹ́ ọjọ́ tá a dé yẹn, mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Mo gbé àpò mi, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Àṣà bàbá yẹn ni mo wá ń rò. Wọn ò bi ara wọn bóyá ẹ̀rù ń ba àwọn, wọn ò bi ara wọn bóyá àwọn mọ ọ̀nà náà. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń wà kí wọ́n tó bí mi, ṣé wọn ò mọ̀ ọ́n ni? Ìlà ni wọ́n ń wò. Ó wà, à ń lọ. Kò sí, a dúró. Èmi náà kì í ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ tí mi ò bá rí ìlà ṣọ́ọ̀kì, iná NEPA ì báà lọ, oníbàárà ì báà dúró lé mi lórí. Mi ò kàn tíì ronú rí pé iṣẹ́ kan náà ni.

Oṣù tó kọjá ni mo tún bá wọn pàdé ní Òjóò. Iwájú ni mo jókòó sí. Wọn ò kọ́kọ́ dá mi mọ̀, àpò aṣọ ni wọ́n dá mọ̀. A ò tíì kúrò ní Fìdítì tí ẹ̀kán òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí ta lu gíláàsì. Wọ́n tan wáípà, wọ́n fẹ̀gbẹ́ ojú wò mí.

"Ìyá aláṣọ, ṣé ẹ máa bú mi lónìí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ má bínú, bàbá." Mo na ọrùn wo ojú títì. Ó ṣì wà níbẹ̀, funfun, ó ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná ọkọ̀, ó ń wọlé sábẹ́ wa.